Àfikọ́ ni, kì í ṣe "ìrọ̀-mọ́-àpáta"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ara lè tù mí: mi ò fẹ́ gbọ́ "ìrọ̀-mọ́-àpáta" mọ́ nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ouando, kí ẹ rìn títí dé etí ọ̀sà, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Àpáta wo lẹ fẹ́ kí ọmọ ibí rọ̀ mọ́?

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cliffhanger. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré alápá púpọ̀ mọ̀ ọ́n, kódà bí ẹ ò bá mọ orúkọ rẹ̀. Eré á dé ibi tó le jù, ìbọn fẹ́ dún tàbí ẹnì kan fẹ́ la ẹnu sọ àṣírí, ojú àwòrán á ṣú, orúkọ àwọn òṣèré á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà mìíràn, ó di ọdún tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Èmi ń pè é ní àfikọ́; ẹlòmíràn ní ìrọ̀-mọ́-àpáta ni. Èèyàn mẹ́rin ni mo ti bá jà lórí rẹ̀, àna mi sì wà nínú wọn.

Ọmọkùnrin kan ń tún fóònù ṣe lẹ́yìn ọjà Ouando. Bó bá di alẹ́, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ki clé USB bọ̀ ọ́, wọ́n á máa wo àròsọ sáyẹ́ǹsì lédè Faransé. Èmi ni àgbà ibẹ̀; Tọ́ntọ̀n ni wọ́n ń pè mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń wo ìpín tó kẹ́yìn nínú apá kìíní Severance. Apá ni mo ń pe saison, ìpín ni mo ń pe épisode. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ìyẹn náà, kó tò sẹ́yìn àwọn yòókù.

Ẹni tí kò bá tíì wo eré náà, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nílé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Lumon, tí wọ́n ti fi nǹkan sínú ọpọlọ wọn: bí wọ́n bá wọ ibi iṣẹ́, wọn ò rántí ilé mọ́, bí wọ́n bá délé, wọn ò rántí iṣẹ́. Ní ìpín kẹsàn-án, Dylan wọ yàrá kan, ó na apá méjèèjì gbọọrọ, ó di ẹ̀rọ mú lọ́tùn-ún lósì, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lè jí níta pẹ̀lú iyè ibi iṣẹ́. Apá ń ro ó, ọ̀gá wọn ń já ilẹ̀kùn. Mark, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, rí fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo ayé ní ó ti kú, ó sì rí i pé obìnrin tí òun ń bá pàdé níbi iṣẹ́ ni. Ó sáré wọ àárín èrò, ó figbe ta: "Ó wà láàyè!" Wọ́n já Dylan kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ojú àwòrán ṣú.

Ọmọ tó ni ṣọ́ọ̀bù gbá tábìlì. Àwọn ìṣó fóònù wẹ́wẹ́ tó kó sínú ìdérí ìgò fò sókè, wọ́n fọ́n ká ilẹ̀, ni gbogbo wa bá kúnlẹ̀ tí à ń fi iná fóònù ṣà wọ́n. Abẹ́ tábìlì ni ọ̀kan nínú wọn ti béèrè pé, "Tọ́ntọ̀n, kí lẹ ń pe irú èyí ní Yorùbá?" Mi ò rí nǹkan sọ. Èmi tí mò ń fi ìtumọ̀ ìwé jẹun.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìpín yẹn jáde. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2025 ni apá kejì tó dé. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé ní Hollywood, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó sì gba ọjọ́ 148, wà lára ohun tó fà á sẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò yẹn, kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe? Wọ́n ń jiyàn lórí ewúrẹ́. Yàrá kan wà ní Lumon tí ọkùnrin kan ti ń fún àwọn ọmọ ewúrẹ́ lóúnjẹ, eré ò sì sọ ìdí. Mo ti gbọ́ àlàyé ewúrẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ju èyí tí ọlọ́sìn ewúrẹ́ gbọ́ láyé rẹ̀ lọ. Àárín ìjiyàn ewúrẹ́ yìí náà ni mo ti ń wá orúkọ kiri.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ló gbé ìrọ̀-mọ́-àpáta dé. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, òkúta ni gbogbo nǹkan ń jọ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni, ó mọ̀wé, ó sì fi ìtàn ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń tọ́ka sí ẹni tó ń fì dirodiro létí bèbè òkè, pé Thomas Hardy fi ọkùnrin kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára òkè etíkun nínú ìtàn tó ń jáde lóṣooṣù nínú ìwé ìròyìn láàárín ọdún 1872 sí 1873, tí àwọn òǹkàwé sì ń dúró de oṣù tó kàn kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó já bọ́. Mi ò bá a jiyàn lórí Hardy.

Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni pé ó túmọ̀ àpáta, ó sì gbàgbé ọwọ́. Ẹni tó rọ̀ mọ́ àpáta, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rọ̀ mọ́ ọn. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á já bọ́, ó parí nìyẹn. Àwa tí à ń wo eré ò rọ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan ló gbé wa sókè, tó fi wá kọ́, tó sì bá tirẹ̀ lọ sùn. Ọwọ́ onítọ̀hún gbọ́dọ̀ hàn nínú orúkọ náà. Ohun tí "fi" ń ṣe nínú àfikọ́ nìyẹn. Ẹ wo àfihàn, ẹ wo àfikún, ẹ wo àfiwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kó tú ìrọ̀-mọ́-àpáta palẹ̀, alángbá ló máa rò pé ẹ ń sọ.

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní tiwọn fẹ́ ká fi suspense tí Faransé ń lò sílẹ̀ bó ṣe wà. "Tọ́ntọ̀n, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n." Mo bi wọ́n pé, "Kí ni suspendre?" Ọ̀kan ní kí wọ́n lé èèyàn kúrò nílé ìwé fún ọjọ́ mẹ́jọ ni. (Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ṣẹlẹ̀ sí i.) Èkejì ní kí a fi nǹkan kọ́ sókè ni. Mo ní, "O káre." Látinú Látìn ni Faransé ti gbà á, fífi nǹkan kọ́ náà ló sì jẹ́ níbẹ̀. Àfikọ́ ni wọ́n ti ń sọ láti àárọ̀, wọ́n kàn ń gba Róòmù kọjá kí wọ́n tó délé bàbá wọn ni.

Èyí tó gùn jù wá láti òdìkejì ẹnubodè, lẹ́nu atọ́kùn ètò rédíò kan: "ìparí-eré-amọ́kàn-ẹni-sókè". Kó tó pè é tán, apá tó kàn á ti jáde. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Bí ara bá rọ Yorùbá, á ní ọkàn òun balẹ̀. Bí kò bá rọ̀ ọ́, á ní ọkàn òun ò balẹ̀, á ní wọ́n fi ọkàn òun sókè. Òkè ni ọkàn tí kò balẹ̀ wà, ohun tó bá sì wà lókè tí kò já bọ́, ìkọ́ kan ló gbé e dúró. Atọ́kùn náà mú ọkàn, ó mú òkè, ó wá fi ìkọ́ sílẹ̀.

Àna mi, ọmọ Kétu, ní "àgbékọ́" ló dùn lẹ́nu òun. Kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti mú mi bínú ni pé ó ní àfikọ́ jọ ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ níwèé. Lóòótọ́, kọ́ pọ̀: à ń kọ́lé, à ń kọ́ṣẹ́, à ń fi ẹ̀wù kọ́. Ta ló ti oko dé rí tó fi ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ ara ẹ̀kọ́?

Ìjà ti fẹ́ gba gbogbo àyè, bẹ́ẹ̀ àlàyé ni mo jókòó láti ṣe. Ìyá àgbà tó tọ́ mi máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọ̀sà bọ̀. Yóò yan án, yóò tò ó sínú agbọ̀n, yóò sì fi okùn fa agbọ̀n náà sókè, kó fi kọ́ sórí ààrò, níbi tí ológbò ò lè fò dé, tí ọmọ ò sì lè nawọ́ kàn kódà kó gun àpótí. Mo gun àpótí. Èmi àti àpótí la jọ wọ inú eérú. Láti alẹ́ dé òwúrọ̀, òórùn ẹja náà ń bá èéfín rìn wọ yàrá wa. Epo rẹ̀ á kán sórí ẹyin iná, á dún ṣíì, gbogbo wa á gbórí sókè lórí ẹní. Ìrù ẹja kan á yọ láàárín ihò agbọ̀n, a ó máa jiyàn ẹni tó ni ín nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó jẹ, kò sẹ́ni tó sùn. Bẹ́ẹ̀ ẹkún ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, torí a mọ̀ pé Ìyá àgbà yóò sọ agbọ̀n yẹn kalẹ̀ lọ́la. Àfikọ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ wa débi tí òórùn fi ń dà wá láàmú, ọwọ́ wa ò gbọdọ̀ tó o, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tó gbé e kọ́ ń bọ̀ wá sọ̀ ọ́.

Àwọn kan máa ń ya ti òpin ìpín sọ́tọ̀ kúrò lára ti òpin apá, wọ́n ní ti àárín apá tún wà lọ́tọ̀. Agbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Okùn ló gùn ju okùn. Àwọn bàbá wa tó wo eré Dallas mọ okùn gígùn: wọ́n yìnbọn fún J.R. inú eré náà lóṣù kẹta ọdún 1980, oṣù kọkànlá ni ayé tó mọ ẹni tó yìn ín.

Èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé ẹni tó fi agbọ̀n kọ́ lè má mọ bí òun ṣe máa sọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1990, apá kẹta eré Star Trek: The Next Generation parí síbi tí àwọn ọ̀tá tó ń jẹ́ Borg ti sọ Picard, ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú, di ara wọn, tó ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí Riker igbákejì rẹ̀ sì pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Ó tán. Michael Piller tó kọ ọ́ kò mọ bí yóò ṣe jáde nínú rẹ̀. Ó rò pé òun ò ní sí níbẹ̀ mọ́ bí apá kẹrin bá dé. Òun náà ló padà jókòó kọ èyí tó kù, ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì rí i. Bí mo ṣe sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan ní, "Tọ́ntọ̀n, nígbà náà ẹ̀tàn ni." Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìyá àgbà náà kì í mọ ọbẹ̀ tí yóò fi ẹja yẹn sè.

Èyí tó burú ni eré tó ń jẹ́ 1899, iṣẹ́ àwọn ará Jámánì. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ló jáde. Ìpín mẹ́jọ la wò láàárín òkun, nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ìparí, obìnrin tí ìtàn dá lé lórí jí, ó bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú lọ́dún 2099. Nínú oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n kéde pé kò sí apá kejì. Agbọ̀n ṣì wà lókè, onílé ti kó lọ. Irú ìyẹn ni mo ń pè ní àfikọ́-gbàgbé. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an ti ń lo èyí. Ó ní kì í ṣe pé òun gbà fún mi.

Ní báyìí tí apá kejì Severance ti parí láti oṣù kẹta ọdún 2025, ìjà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Mark dé ẹnu ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ ń ké pè é lódìkejì, ó wẹ̀yìn, ó di Helly, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, lọ́wọ́ mú, wọ́n sáré padà sínú. Àwọn ọmọ ní àfikọ́ ni. Mo ní rárá: Mark ti yan ẹni tó fẹ́, wọ́n ti sọ agbọ̀n kalẹ̀, a ti jẹ ẹja, egungun rẹ̀ là ń jiyàn lé lórí. Wọn ò gbà. Wọ́n ní mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe tèmi jù, pé àwọn ló ni ín báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń wo eré mìíràn. Ilẹ̀kùn kan ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ojú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ yọ, ni iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò. Bátírì kọ̀ǹpútà náà ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú òkùnkùn, wọ́n figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà: "Àfikọ́!"

Mo ní, "Ẹ dákẹ́, èyí kì í ṣe àfikọ́. Kò sí ọwọ́ òǹkọ̀wé kankan nínú ẹ̀. Ta ló gbé wa kọ́?"

Ọmọ tó ni ṣọ́ọ̀bù ń wá àbẹ́là. Ó ní, "Tọ́ntọ̀n, iná ò lè para ẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ló pa á."

Títí iná fi dé, mi ò rí èsì fún un.