Iṣẹ́ ò ní tán, fóònù ò ní dákẹ́: ìgbà wo lẹ fẹ́ ráyè fún Ọlọ́run?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi fún ìmọ̀ràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò wá sọ pé àwọn ti fi Jésù sílẹ̀ o. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "Pásítọ̀, mò ń wá sí ìsìn, mò ń san ìdá mẹ́wàá, àmọ́ iná àdúrà mi ti kú." Tí mo bá wá ní kí wọ́n ro bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ fún mi, ẹ ò ní rí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Ẹni náà ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ torí Ìkòròdú ló ń gbé, Victoria Island ló ti ń ṣiṣẹ́, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọlé, òde ló gba Sátidé, Sunday ó wà ní kọ́áyà, lẹ́yìn ìsìn mítìn-ìn, lẹ́yìn mítìn-ìn rìhásà.

Jésù ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú Mátíù 13. Irúgbìn tó bọ́ sáàárín ẹ̀gún hù dáadáa o, àníyàn ayé àti ìtànjẹ ọrọ̀ ló fún un pa. Ẹni tó bá ti dáko rí mọ̀ pé èpò kì í fi ọjọ́ kan bo iṣu mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kí wọ́n máa sọ fẹ́ni tí iná ẹ̀ ti kú pé kó lọ fi vigil kún vigil. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an lè di ẹ̀gún (ẹ má sọ fún pásítọ̀ yín pé èmi ni mo sọ ọ́ o). Màtá inú Lúùkù 10, ṣebí Jésù náà ló ń se oúnjẹ fún, síbẹ̀ Jésù ní ohun púpọ̀ ló ń dà á láàmú. Nínú Ìṣe 6, nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn opó di wàhálà, àwọn àpọ́sítélì ní kò yẹ káwọn fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ káwọn wá máa pín oúnjẹ, wọ́n bá yan èèyàn méje sídìí ẹ̀. Torí náà tí ẹ bá wà ní kọ́áyà, tí ẹ tún jẹ́ ọ́ṣà, tí ẹ tún ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Olórí ọ́ṣà lè bínú, ìbínú ẹ̀ á rọlẹ̀.

Dáníẹ́lì ni mo máa ń tọ́ka sí fáwọn òṣìṣẹ́, torí kì í ṣe pásítọ̀, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ọba Dáríúsì yan gómìnà 120, ó fi ọ̀gá mẹ́ta lé wọn lórí, Dáníẹ́lì wà lára àwọn mẹ́ta yẹn, ọ̀dọ̀ wọn sì làwọn tó kù ti ń wá jíyìn, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ohun táwọn èèyàn máa ń fò níbẹ̀ ni pé nígbà tófin ọba jáde pé kẹ́nikẹ́ni má gbàdúrà sí ẹlòmíì yàtọ̀ sí ọba, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, Bíbélì ní bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ló ṣe é. Ó ti ní àkókò, ó ti ní yàrá, ó ti mọ fèrèsé tó máa kọjú sí. Àwọn ìjọ Aládùúrà wa náà mọ èyí tipẹ́, wọ́n ní wákàtí àdúrà, agogo á sì dún, yálà ó wù ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni o tàbí kò wù ẹ́.

Tiyín ńkọ́? Ọ̀rọ̀ fóònù ni ká kọ́kọ́ yanjú. Tó bá jẹ́ òun ni alámù yín, WhatsApp ni ojú yín máa kọ́kọ́ rí láàárọ̀, ẹ ó ní mẹ́sẹ̀jì kan péré lẹ fẹ́ wò, status ẹnì kan á fà yín dé ti ẹlòmíì, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ ra aago alámù kékeré, kí fóònù sùn sí pálọ̀. Bíbélì oníwèé ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má sì fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní òun máa ka Bíbélì tán lọ́dún yìí, Léfítíkù ló máa ń há sí. Máàkù ni mo máa ń fún èèyàn, orí 16 péré ni, orí kan lójúmọ́. Ọjọ́ tó bá le gan-an, Sáàmù 117 wà níbẹ̀, ẹsẹ méjì ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti síkúríìtì tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ẹ má fi àárọ̀ da ara yín láàmú, kẹ́ ẹ tó sùn lọ́sàn-án náà ni àárọ̀ tiyín.

Àwọn kan á ní inú danfo làwọn ti ń gbàdúrà. Ó dáa. Nehemáyà náà gbàdúrà lójú ẹsẹ̀ níwájú ọba, láàárín ìbéèrè sí ìdáhùn. Àmọ́ ẹ ka orí kìíní, ó ti ń sunkún, ó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹni tí kì í gbàdúrà nílé, oorun ló máa ń sùn nínú danfo.

Tí ẹ bá wá pa ọjọ́ mélòó kan jẹ, ẹ má ní ẹ fẹ́ ka orí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan torí kẹ́ ẹ lè san gbèsè. Ibi tí ẹ dé ni kẹ́ ẹ ti máa bá a lọ, orí kan tọjọ́ yẹn nìkan.