Ọ̀nà tuntun tó fẹ́ yí Ìbàdàn ká: ṣé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ máa tán?

Láti ìgbà tí katakata ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ fún Sákúlà Róòdù, kò sí ibi tí mo jókòó sí ní Ìbàdàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jáde. Nínú takisí Micra, ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Àwọn kan ní òpin ìyà ti dé. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ àwọn ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n gbà. Mo kó ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jọ, mo sì dáhùn wọn bí òye mi ṣe mọ.

Ọ̀nà wo gan-an là ń sọ?

Ọ̀nà ńlá kan tí gígùn rẹ̀ máa tó 110 kìlómítà, tó máa gba ẹ̀yìn ìlú yí Ìbàdàn po. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láyé Gómìnà Rashidi Ladoja, tó bẹ̀rẹ̀ ìṣèjọba ní 2003, ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìjọba Abiola Ajimobi gbé apá ìlà-oòrùn rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, iṣẹ́ ò yá. Ìjọba Seyi Makinde gbà á lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún ẹlòmíràn, ó sì fi orúkọ Ladoja pe ọ̀nà náà. Ladoja fúnra rẹ̀ ti wá di Olúbàdàn báyìí, láti oṣù Kẹsàn-án 2025. Ọ̀nà tó bá gómìnà mẹ́rin láyé, tí ẹni tó dá a sílẹ̀ gorí àpèrè kó tó parí, ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́ lẹ́nu wa.

Abala àkọ́kọ́ tó bíi 32 kìlómítà. Ó bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní agbègbè Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì já sí Badẹkù lójú ọ̀nà Ifẹ̀.

Ta ló máa jàǹfààní rẹ̀?

Ẹni tí Ìbàdàn kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ẹ wo tirela tó kó sìmẹ́ǹtì láti ọ̀nà Èkó, tó ń lọ sí Iléṣà tàbí Àkúrẹ́. Ní báyìí, á wọ Ìwó Róòdù, á bá wa há síbẹ̀, kó tó yà sí ọ̀nà Ẹgbẹ́dá. Tí abala àkọ́kọ́ yìí bá parí, á yà kó tó dé ìlú rárá, á já sí Badẹkù, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èrè gidi nìyẹn, n ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n tirela tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ńkọ́? Ìyẹn ṣì máa gba Ìwó Róòdù, á gba Òjóò, á gba Mọ́níyà bó ṣe ń gbà á lónìí, títí dìgbà tí ọ̀nà tuntun náà bá yí dé àríwá. Abala àkọ́kọ́ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọ̀nà náà. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní tí wọ́n bá ti ṣí i báyìí, Ìwó Róòdù ti dẹ̀ nìyẹn, ẹ bi í pé tirela wo ló ń sọ.

Ṣé tirela kọ́ ló ń dí Ìwó Róòdù ni?

Tirela wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ wò ó dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo jókòó sí ẹ̀yìn nínú Micra kan láti Olódó. A dé ibi tó kù díẹ̀ ká wọ abẹ́ bíríìjì, a dúró. Mo yọrí wo ohun tó wà níwájú. Bọ́ọ̀sì akérò kan ló dúró sójú títì, kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan, agbèrò ń gbá a lára pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ó ń pè, “Géètì, Dùgbẹ̀, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì!” Lẹ́yìn rẹ̀, Micra mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyá kan tẹ́ ata sílẹ̀ dé ibi tí táyà ń gbà. Ọ̀nà tó yẹ kó gba ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹyọ kan ló kù. Kò sí tirela kankan níbẹ̀. Àwa náà ni: ẹni tó ń wọkọ̀, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń tajà fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà wa bú gbogbo wọn tán. Nígbà tó kàn án, òun náà dúró síbẹ̀, ó ń wá ẹnì kan sí i.

Àwa tí à ń ti Olódó lọ sí Dùgbẹ̀, tí à ń ti Àkóbọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, inú ìlú là ń lọ. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ìlú ò lè gbé wa débẹ̀.

Ṣé a ò ti ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí?

A ní in! Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí nìyẹn, pé a ti gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, títì tó gba Toll Gate, tó gba Ìwó Róòdù, tó já sí Òjóò, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n fà á gbà, kí èrò ọ̀nà jíjìn má bàa wọ àárín ìlú. Òun gan-an ni ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé nígbà náà. Kí la wá ṣe? A kọ́lé tẹ̀lé e. Gáréèjì tẹ̀lé e. Ọjà tẹ̀lé e. Lónìí, tí èèyàn bá gba abẹ́ bíríìjì náà kọjá, á bá Monátán níbẹ̀, á bá Alákìá, á sì tún rìn jìnnà kí ilé tó tán. Ìlú ti gbé ọ̀nà mì.

Tí ọ̀nà tuntun bá wá dé, tí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, a jẹ́ pé àwọn ọmọ wa ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n máa fa sákúlà mìíràn gbà.

Ó ṣe jẹ́ pé tí wọ́n bá la ọ̀nà tuntun, ọkọ̀ tún máa ń kún un?

Ibí yìí ló máa ń ta kókó sí àwọn èèyàn lójú. Ó dà bíi pé tí ọ̀nà bá fẹ̀, ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ á pín, gbogbo rẹ̀ á sì dẹ̀. Àsìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé a rò pé iye ọkọ̀ ò ní yí padà.

Ẹ mú obìnrin kan tó ń ta tòmátì ní Amúlọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ ra ọjà ní Bódìjà, nítorí gósìló. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà dẹ̀ lónìí, á di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọkùnrin tó ń jí ní aago márùn-ún kó lè ṣáájú ọkọ̀, á sùn di aago méje, á wá bọ́ sójú títì nígbà tí gbogbo èèyàn bọ́ sí i. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì á ní ó kúkú tó àkókò láti ra ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé àárín ìlú á lọ ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú níbi tó ti rọjú, nítorí “ọ̀nà wà níbẹ̀ báyìí”, á sì máa wakọ̀ wọlé láràárọ̀. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu nínú wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa gbogbo wọn pọ̀, ọ̀nà tó dẹ̀ lánàá ti há.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ndọ̀nù mọ M25, ọ̀nà tó yí ìlú náà ká. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1986, gígùn rẹ̀ tó 188 kìlómítà. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ fi kún un débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Ní 1994, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yàn jáde wá sọ pé òótọ́ ni, ọ̀nà tuntun máa ń bí ọkọ̀ tuntun. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Gilles Duranton àti Matthew Turner, ṣírò rẹ̀ káàkiri àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2011: bí títì márosẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìrìn ọkọ̀ ń pọ̀ sí i. Tí ẹ bá fi ìdá mẹ́wàá kún ọ̀nà, ìrìn ọkọ̀ náà á fi bí ìdá mẹ́wàá kún un.

Ṣé kí wọ́n má ṣe é mọ́ ni?

Rárá o. Kí wọ́n ṣe é, kí tirela yéé bá ọmọ ilé-ìwé já títì ní Ìwó Róòdù. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ibi tí èèyàn lè gbà bọ́ sórí rẹ̀ má pọ̀. Tí gbogbo àdúgbò bá fọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sí i, tí ilé epo jókòó sí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, tí ọjà alẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti di títì inú ìlú nìyẹn, orúkọ ló kù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó di awuyewuye ńkọ́?

Ìjọba ní òun gba ilẹ̀ tó tó 500 mítà ní ọ̀tún àti ní òsì ọ̀nà náà, ìyẹn la fi gbọ́ igbe àwọn onílé. Ìdí tí ìjọba máa fi gbà á yé mi: ọ̀nà ló ń sọ ilẹ̀ náà dolówó, tí wọn ò bá sì dì í mú, ìlú á tún gbé ọ̀nà mì. Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn èèyàn fi ń pariwo yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi ogún ọdún ta gààrí kọ́ yàrá mẹ́ta, kò sí bí a ṣe máa ṣàlàyé fún un pé fún ire ọjọ́ iwájú ni. Bí wọ́n bá máa gbà á, kí wọ́n kọ́kọ́ san owó tó tó ra ilẹ̀ mìíràn kọ́ ilé mìíràn, kí katakata tó dé. Kí wọ́n sì jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gé e tà fún olówó ni, ìdí àkọ́kọ́ yẹn ti já.

Kí ló lè ran àwa tí à ń wọ inú ìlú lọ́wọ́?

Bọ́ọ̀sì ńlá, kí ó sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Èrò 60 ló fẹ́ kúrò ní Olódó. Micra kan ń gbé mẹ́rin tàbí márùn-ún, a jẹ́ pé Micra 12 sí 15 la máa tò sójú títì. Bọ́ọ̀sì ńlá kan á kó gbogbo wọn. Kì í ṣe ìṣirò tó le.

Èkó ti gbìyànjú ẹ̀. Ní 2008 ni bọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n ń pè ní BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé Èkó erékùṣù, bíi 22 kìlómítà, tí wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un. Ó ní àléébù tirẹ̀, ìlà gígùn wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì míì ti gbó. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti mọ kọnkéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, bọ́ọ̀sì ń lọ nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúró. Ìbàdàn ní bọ́ọ̀sì ìjọba báyìí, mo sì ti wọ̀ ọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú gósìló kan náà ló ń há sí pẹ̀lú Micra, ta ló máa wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀?

Ohun kejì kò gba owó púpọ̀: ibi tí ọkọ̀ máa yà sí láti já èrò, tó yàtọ̀ sí ojú títì gan-an, ní Ìwó Róòdù, ní Òjóò, ní Challenge. Ẹ̀kẹta, kí ẹlẹ́sẹ̀ rí ibi rìn tí kò ní jìn sí gọ́tà. Mo mọ èèyàn tó ń wọ ọ̀kadà fún ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí kò sí ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí.

Rélùwéè ńkọ́?

Rélùwéè tuntun láti Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, 157 kìlómítà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà ló ń já wa sí. Tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, á tún wá Micra tó máa gbé e wọ ìlú, wákàtí tó jèrè nínú ọkọ̀ ojú irin á tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òjóò. Bọ́ọ̀sì tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin gan-an la nílò, kó gba Mọ́kọ́lá já sí Dùgbẹ̀.

Àwọn oní-Micra ò ní kú sí i?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dáwó ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín lójoojúmọ́ ni, epo sì ti gbówó lórí gidi láti 2023. Ẹ má lé wọn. Bọ́ọ̀sì ńlá ò lè wọ kọ̀rọ̀ Olódó, kò lè gun òkè Bẹẹrẹ bí Micra ṣe ń gùn ún. Iṣẹ́ wọn á máa jẹ́ láti inú àdúgbò jáde sí ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Kí ìjọba pe ẹgbẹ́ wọn jókòó kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà.

Ìwọ fúnra rẹ, ṣé wàá gba ọ̀nà náà?

Bí mo bá ń bọ̀ láti Èkó, tí mo fẹ́ lọ kí àna mi ní Ifẹ̀, màá gbà á, màá sì ṣàdúrà fún ẹni tó parí rẹ̀. Ìyẹn ò lè ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, Olódó sí Dùgbẹ̀ ni o, lẹ́yìn Micra, èèyàn mẹ́rin lórí àga ẹni mẹ́ta.