Ohun tí nọ́ńbà ara páálí fóònù ń sọ, àti ibi tó ti dákẹ́

Bí iná bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí fóònù, tí wọ́n wá ki wáyà ṣájà bọ̀ ọ́, kì í pẹ́ kúrò ní ìdá 5 kó tó dé ìdá 50 nínú 100. Kéèyàn tó wẹ̀ kó sì múra tán, ó ti débẹ̀. Àmọ́ tó bá ti kọjá 80, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Tó bá wá di 95, àfi bíi pé ẹnì kan ń fà á sẹ́yìn. Ṣájà ò yí padà, wáyà ò yí padà, "65W" (W ni wáàtì, bí iná tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó) tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ṣì wà níbẹ̀. Kí ló wá dé?

Páálí ò parọ́. Fóònù náà gba 65W lóòótọ́, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, nígbà tí bátìrì ṣófo tí ara rẹ̀ ò sì tíì gbóná. Bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn nọ́ńbà ara páálí ṣe rí nìyẹn. Ibi gíga jù lọ tí nǹkan lè dé ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, wọn kì í kọ bó ṣe máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló máa mọ èyí tó yẹ kóun tìtorí ẹ̀ náwó.

Inú bátìrì fóònù pín sí ọ̀nà méjì, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ní ihò wínníwínní ló sì là wọ́n láàárín. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, lithium wà pa pọ̀ mọ́ irin míì, bíi cobalt. Graphite ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ohun dúdú kan náà tó máa ń wà láàárín pẹ́ńsùlù. Tí fóònù bá ń gba iná, agbára iná á máa ti lithium láti ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, á gba inú ihò ike yẹn kọjá, á sì lọ há sáàárín ìpele ìpele graphite. Tí wọ́n bá yọ wáyà tí wọ́n ń lo fóònù, lithium á máa padà síbi tó ti wá. Àlọ àti àbọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ bátìrì. Ọdún 1991 ni Sony gbé irú rẹ̀ jáde fún títà. Nígbà tó sì di 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ kẹ́mísírì nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lé e lórí.

Ká wá fojú inú wo ọkọ̀ èrò tó ṣófo. Èrò á máa rọ́ wọlé, kò sẹ́ni tó ń dí ẹnì kejì lọ́wọ́. Àmọ́ tó bá ku ìjókòó mẹ́ta lẹ́yìn pátápátá, ẹni tó wọlé á máa sọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi", á máa fẹsẹ̀ wá àyè. Tí awakọ̀ bá ní kí wọ́n ṣì máa rọ́ wọlé bíi ti àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa dì sí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí lithium náà nìyẹn tí wọ́n bá fi ipá tì í nígbà tí graphite ti ń kún: kò ní ráyè wọlé, á wá dì sójú graphite bí irin. Èyí tó bá dì bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́, agbára bátìrì ti dín kù nìyẹn. Ó tún lè hu ẹ̀gún tó máa gún ike àárín. Tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá sì fara kanra báyẹn, bátìrì lè gbiná.

Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń gba iná ní ìpele méjì. Ní ìpele àkọ́kọ́, á jẹ́ kí iná ya wọlé láìdín kù, títí fólítì bátìrì á fi ga dé ààlà tí wọ́n ti pa. Nínú àwọn bátìrì àtijọ́, ààlà náà jẹ́ nǹkan bíi 4.2; ó ti lé díẹ̀ nínú àwọn tuntun. Láti ibẹ̀ lọ, fóònù á di fólítì náà mú síbì kan, á sì jẹ́ kí iná tó ń wọlé máa fúnra rẹ̀ dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìpele kejì yìí ló ń jẹ́ kí ìdá 20 tó kẹ́yìn fa ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣájà ló ń pinnu bí iná ṣe máa yá tó. Kì í ṣe òun. Fóònù ni ọ̀gá, ṣájà kàn ń jíṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá ki wáyà USB-C bọ̀ ọ́, fólítì 5 péré ni ṣájà máa kọ́kọ́ gbé wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà náà. Ṣájà á ní, "Mo lè fún ọ ní fólítì 5, mo lè fún ọ ní 9, 15 tàbí 20." Fóònù á mú èyí tó bá a lára mu. Àárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń parí. Orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yìí ni USB Power Delivery. Nígbà tí USB kọ́kọ́ dé, 2.5W ló lè gbé. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìlànà yìí lọ́dún 2021 gbé e dé 240W.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ní èdè tiwọn tó yàtọ̀ sí ti gbogbo gbòò. Wọ́n lè kọ 100W sára ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n sì kọ 100W sára fóònù, kí wọ́n wá pàdé tán kí fóònù máa gba 15W, torí pé wọn ò gbọ́ ara wọn yé. Wáyà pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀. Wáyà USB-C tó bá máa gbé ju 60W lọ lórí ìlànà Power Delivery gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù kékeré kan nínú orí rẹ̀ tó ń sọ pé apá òun ká a. Tí kò bá sí i, ṣájà ò ní dán an wò. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin ti sọ USB-C di dandan fún fóònù tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n ihò tó dọ́gba ò túmọ̀ sí pé èdè dọ́gba.

Àwọn fóònù tó ń gba 100W sókè tún ní ọgbọ́n kan: ọ̀pọ̀ nínú wọn pín bátìrì sí méjì, kí ìlàjì kọ̀ọ̀kan gba ìdajì iná. Ọkọ̀ méjì, ẹnu ọ̀nà méjì. Ooru ló wá kù. Bí fóònù bá wà nínú páàsì tó nípọn, tàbí tẹ́nì kan ń gbá géèmù lórí ẹ̀ bó ṣe ń gba iná, ó máa fúnra rẹ̀ dín iná tó ń gbà kù. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Ti mAh (milliamp-hour) tí wọ́n máa ń kọ fún bátìrì ńkọ́? 5000 mAh fi bí bátìrì ṣe pọ̀ tó hàn, àmọ́ kò tíì pé. Àfi kí wọ́n fi fólítì sọ ọ́ di púpọ̀ kí agbára tó wà níbẹ̀ tó hàn. Ibí yìí gan-an ni power bank ti ń tan èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí lára, fólítì 3.7 tó wà nínú bátìrì rẹ̀ ni wọ́n fi kà á, ìyẹn jẹ́ 37 Wh (watt-hour, agbára tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀). Iná tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wá jẹ́ fólítì 5, nítorí náà 10,000 yẹn ti di 7,400 kó tó kúrò nílé, ooru á sì jẹ lára ìyókù. Ẹni tó bá ń retí pé á kún fóònù oní-5000 lẹ́ẹ̀mejì gbáko, ẹ̀ẹ̀kan àtààbọ̀ tàbí ká fi díẹ̀ lé e ló máa rí. Wh yìí náà ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń wò. Ààlà èyí téèyàn lè mú wọnú ọkọ̀ láìgba àṣẹ pàtàkì jẹ́ 100 Wh, ìdí nìyí tí power bank ńláńlá kì í fi í sábà kọjá 27,000 mAh.

Láìpẹ́ yìí ni fóònù oní-6000 àti 7000 bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí wọn ò sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Silicon ló fà á. Gíráàmù kan graphite ò lè gbà ju nǹkan bíi 372 mAh lọ. Silicon lè gbà tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ nínú ìṣirò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń wú tó bá mu lithium yó, ó lè fi ìlọ́po mẹ́ta tóbi sí i, tó bá sì sọ̀, á máa sán. Torí náà, díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ carbon, kí carbon lè gba wíwú náà mọ́ra.

Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń pọ́n fóònù jù, òun náà sì ni nọ́ńbà rẹ̀ ń ṣini lọ́nà jù. Lọ́dún 2000, fóònù J-SH04 tí Sharp ṣe fún àwọn ará Japan ní píksẹ́lì (àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 110,000. Ní báyìí, 200 mílíọ̀nù wà, ìyẹn 200MP. Ẹni tó bá ya àwòrán pẹ̀lú kámẹ́rà oní-200MP, tó wá ṣí àlàyé àwòrán náà wò, á bá nǹkan bíi 12MP níbẹ̀. Ìyókù dà?

Sẹ́nsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, dà bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ abọ́ sí gbangba kó lè gbe òjò. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò yẹn, píksẹ́lì ni abọ́. Àyè tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ò ju èékánná lọ, nítorí náà bí abọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kálukú wọn ń kéré sí i. Tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, ìyẹn lọ́sàn-án gangan, abọ́ kékeré náà á rí nǹkan gbè. Lálẹ́ tí òjò di ẹ̀kán, abọ́ kan á rí ẹ̀kán méjì, èkejì rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan. Ohun tó ń fa àwọn tótòtó tó máa ń wà lára àwòrán inú òkùnkùn nìyẹn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí fóònù máa da abọ́ pọ̀. Kámẹ́rà oní-50MP á da mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, á di 12.5. Oní-200MP á da mẹ́rìndínlógún pọ̀, á di 12.5 bákan náà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa béèrè ni bí àyè tí wọ́n tẹ́ abọ́ sí ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n máa ń kọ ọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni, lọ́nà tó lè rúni lójú: 1/1.3 tóbi gan-an ju 1/2.8 lọ. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ṣe kéré tó ni sẹ́nsọ̀ ṣe tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni f/1.8 àti f/2.4 tó jẹ́ ti ojú ihò lẹ́ǹsì, èyí tó kéré ló ń gba ìmọ́lẹ̀ jù. Ní ti kámẹ́rà kẹta oní-2MP tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀yìn fóònù, kí ojú lè pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Súùmù 100x sì jẹ́ kí wọ́n gé àwòrán kí wọ́n wá fẹ̀ ẹ́. 3x tàbí 5x tó ní lẹ́ǹsì tiẹ̀ ni ojúlówó.

Ojú fóònù ò gba àlàyé púpọ̀. 120Hz túmọ̀ sí pé àwòrán ojú rẹ̀ ń yí nígbà ọgọ́fà (120) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó máa ń hàn tí wọ́n bá ń fọwọ́ yí ọ̀rọ̀ gígùn lọ sókè, ó sì ń jẹ iná. Iye nits (òṣùwọ̀n bí ojú fóònù ṣe mọ́lẹ̀ tó) tó máa ń ga lọ́nà àrà, abala kékeré lójú fóònù nìkan ló sábà máa ń dé ibẹ̀, fún ìgbà díẹ̀. Lórí irú ojú fóònù tí wọ́n ń pè ní OLED, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀, èyí tó bá sì dúdú, ó kú ni. Torí ìyẹn ni ojú dúdú fi ń dín iná kù lórí OLED tí kì í sì í dín in kù lórí irú kejì, LCD.

"3nm" tí wọ́n kọ fún ṣíìpù kì í ṣe ìwọ̀n ohunkóhun mọ́, orúkọ ìran ni. Èyí tó ṣe pàtàkì ni bóyá fóònù lè máa bá eré lọ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ ti gbóná, kò sì sí páálí tó ń kọ ìyẹn. "8GB + 8GB" fún RAM (ibi tí fóònù ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) náà ńkọ́? 8 àkọ́kọ́ ni RAM. Èkejì, ara àyè ìfipamọ́ ni wọ́n ti yá a, eré rẹ̀ ò sì sún mọ́ ti RAM gidi.

Ó wá ku IP68, tó ń sọ bí fóònù ṣe lè dènà eruku àti omi tó. Nọ́ńbà méjì ni, kì í ṣe méjìdínláàádọ́rin. 6 jẹ́ ti eruku, kò sí èyí tó ga jù ú lọ. 7 nípò kejì túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. 8 túmọ̀ sí pé ó kọjá bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló sì máa sọ iye tó fi kọjá. Omi tó mọ́, tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi ń dán an wò, lórí fóònù tuntun. Omi òkun àti omi ọṣẹ ò sí níbẹ̀. Rọ́bà àti gọ́ọ̀mù tó dí ẹnu ihò rẹ̀ náà máa ń gbó, fóònù tó sì ti já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ti kúrò ní èyí tí wọ́n dán wò. Ilé-iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi lẹ bébà funfun tíńtín kan mọ́ inú fóònù, nígbà míì nínú ihò tí síìmù ń wọ̀, tó máa pọ́n tí omi bá kàn án. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ tanná wò tí wọ́n bá gbé fóònù tómi wọ̀ dé, tó bá sì ti pọ́n, wáráńtì ò kan omi.