Kọ̀ǹkéré Kì Í Gbẹ Kó Tó Le

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a da dẹ́kì ilé kan n'Ìbàdàn, mo bá ìyá onílé nídìí àkàbà. Wọ́n ti dá ọmọkùnrin tó gbé garawa omi dúró. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o lọ da omi sórí nǹkan tí ò tíì gbẹ?" Ọmọ náà ò fọhùn, ó kàn nawọ́ sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà. Èmi ni mo rán an." Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin sọ̀feyọ̀, ṣé ẹ ò fẹ́ kó gbẹ ni?"

Ẹ má rò pé ìbéèrè ẹni tí ò mọ nǹkan ni. Bíríkìlà tó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ lè bèèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ̀feyọ̀ lọ́dọ̀ mi (àwa tí à ń ka ohun èlò ilé, tí à ń ṣírò owó rẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ń wọn ilẹ̀) máa ń bèèrè ẹ̀ náà, bí wọ́n tilẹ̀ ti ṣèdánwò lórí rẹ̀ nílé ìwé. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ni pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń fa omi kúrò lára kọ̀ǹkéré. Ó gbẹ, nígbà tó gbẹ tán, ó le. Bó bá ṣe gbẹ tó ni yóò ṣe le tó.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àmọ́ mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un.

Amọ̀ ni àwọn baba wa fi kọ́lé. Wọ́n á po ó, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un, wọ́n á mọ ipele kan yíká, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé ipele mìíràn lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, torí oòrùn gan-an ni olórí òṣìṣẹ́ wọn. Amọ̀ tó gbẹ le. Amọ̀ tí òjò bá rọ̀ sí yóò yòrò. Ọgbọ́n tó pé ni, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí sìmẹ́ńtì wá dé, a mú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa amọ̀, a gbé e wọ̀ ọ́. "Ṣé ó ti gbẹ?" là ń bèèrè nípa àwọn méjèèjì. Kì í ṣe pé èdè wa ò ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀. A ní "dì", a ní "le", àwọn bíríkìlà pàápàá máa ń sọ pé sìmẹ́ńtì "ti mú". Ṣùgbọ́n "gbẹ" ló máa ń yá wa lẹ́nu, òun ló sì ń tàn wá.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì fara pẹ́ ti ẹyin sísè ju ti amọ̀ lọ. Inú omi ni ẹyin wà títí tó fi le, kò sì sẹ́ni tó máa bu ẹyin sísè jẹ tó máa ní ó gbẹ. Nǹkan inú rẹ̀ ló yí padà. Sìmẹ́ńtì Portland, èyí tí a ń rà ní àpò, tí Joseph Aspdin ará Leeds gba ìwé ẹ̀tọ́ orúkọ àti ṣíṣe rẹ̀ ní 1824, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékoro sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílẹ̀ wa níbí ní 1960, kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà: òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n yan pọ̀ nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450°C, tí wọ́n wá lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Bí omi bá kàn án, òun àti omi yóò para pọ̀ di nǹkan tuntun, bí gbòǹgbò tín-tìn-tín tó ń ta wọ ara wọn, tó ń di yanrìn àti òkúta mú. Ìparapọ̀ yẹn máa ń mú ooru wá. Ẹ gbé ọwọ́ lé òpó ńlá tí wọ́n dà lánàá, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, omi kì í ṣe àlejò tí a ń retí pé kó máa lọ. Ó wà lára ohun tí a fi kọ́ ilé. Bó bá yára fi kọ̀ǹkéré sílẹ̀, sìmẹ́ńtì tí kò tíì rí omi mu yóò jókòó síbẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú, iṣẹ́ rẹ̀ ò parí, owó rẹ̀ sì ti lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò kọ̀ǹkéré. Lọ́jọ́ tí a bá da dẹ́kì, a ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àpótí irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 150 lọ́nà gbogbo. Lọ́jọ́ kejì a ó tú u, yóò di kúùbù tó wúwo tó kílò 8. Níbo ni a ó wá gbé e sí? Ṣé orí òrùlé, kí oòrùn lè rí i dáadáa? Rárá o. Inú táǹkì omi ni a ó sọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ọjọ́ 28 yóò fi pé kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí a bá yọ òmíràn lọ́jọ́ keje, a ó rí i pé ó ti ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí yóò ní lọ́jọ́ 28. Abẹ́ omi ló ti rí gbogbo agbára yẹn.

Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá, wọ́n ní, "Nínú omi kẹ̀?" Wọ́n gba ọmọ náà láyè kó máa gòkè lọ, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ mi ò tíì wọ̀ wọ́n.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwa kan náà tí à ń ṣọ́ omi lọ́jọ́ kejì kì í ṣọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lọ dúró nídìí míkísà níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kì. Ẹni tó ń bu omi kì í wọ̀n ọ́n. Ojú ló fi ń wò ó. Bó bá ti ki díẹ̀, àwọn lébírà tó ń ru páànù lọ sókè á pariwo, "Ẹ jẹ́ kó ṣàn!" Kò sì sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀, nítorí kọ̀ǹkéré tó ṣàn yá láti tẹ́, kì í dá ọrùn, ọjọ́ iṣẹ́ á sì tètè tán. Fóòmàn náà á mi orí. Omi ọ̀fẹ́ ni, ta ló máa bá wọn jà lórí omi?

Ẹ jẹ́ ká fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ń gba lítà 20 ṣírò rẹ̀, èyí tó wà níbi iṣẹ́ gbogbo. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Nǹkan bíi lítà 20 ni sìmẹ́ńtì náà nílò kó tó lè parí iṣẹ́ rẹ̀. Kó lè ṣeé pò, kó sì ṣeé tẹ́, ká ní ìwé gbà wá láyè ìdajì ìwọ̀n sìmẹ́ńtì, ìyẹn lítà 25. Ó jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n yanrìn tí òjò àná pa ti ní omi tirẹ̀ lára. Bí a bá po ó ní 1:2:4 (sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), yanrìn tó bá àpò kan lọ á tó kílò 100 tàbí kó lé díẹ̀. Bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá jẹ́ omi, lítà 5 ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan bù ú. Ohun tó kù fún wa láti dà ni lítà 20 péré. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó parí.

Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo dúró ti míkísà láti aago méjọ títí di ọ̀sán, mo ń ka bọ́kẹ́ẹ̀tì. Méjì ni wọ́n ń dà sí àpò kan. Ìgbà míì, wọ́n á tún fi páànù kan lé e. Pẹ̀lú omi inú yanrìn, ó ti di lítà 45 ó kéré tán.

Lítà 20 tó ṣẹ́ kù yẹn kò ríbi lọ. Kò sí sìmẹ́ńtì tó máa gbà á, yóò kàn jókòó sáàárín. Nígbà tó bá yá, yóò gbẹ lóòótọ́, àyè tó wà tẹ́lẹ̀ á wá di ihò wẹẹrẹ tí ojú ò rí. Gbígbẹ tí a ń yìn, ihò ló ń fi sílẹ̀. Duff Abrams, onímọ̀ nípa kọ̀ǹkéré ará Amẹ́ríkà, ló tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní Chicago ní 1918, tó fi hàn pé bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan náà ni agbára kọ̀ǹkéré ṣe ń já wálẹ̀ sí. Bí omi bá kúrò ní ìdajì ìwọ̀n sìmẹ́ńtì tó sì sún mọ́ kó bá a dọ́gba, agbára náà lè já sí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ò dín, òkúta ò dín, irin ò dín. Omi lásán ló bà á jẹ́.

Bí iṣẹ́ bá nílò kọ̀ǹkéré tó ṣàn dáadáa, oògùn wà tí a ń pò mọ́ ọn tó ń mú un rọ̀ láìfi omi kún un, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n náà sì wà. Wọ́n ń gba owó o, àmọ́ ẹ wá wo iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wó dẹ́kì tún un dà.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ ìwé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ sọ̀feyọ̀ wà. Àwòrán ilé yóò sọ pé dẹ́kì nípọn ní mìlímítà 150, irin Y12 (tó nípọn ní mìlímítà 12) ni, kí àárín wọn jẹ́ mìlímítà 200. Àwòrán kì í sọ iye omi, kì í sì í sọ iye ọjọ́ tí kọ̀ǹkéré máa fi wà ní tútù. Ìwé àlàyé iṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní spec, ló yẹ kó sọ ọ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń rò pé ìwé tí wọ́n ń kọ láti fi kún fáìlì ni, wọ́n á da ti ilé tó kọjá kọ, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ onílé. Mo ti ka ọ̀kan tó ní "kọ̀ǹkéré 1:2:4, grade 25". Ó dùn létí, àmọ́ àṣẹ méjì tó lè ta kora ni. 1:2:4 ń sọ bí a ṣe máa po ó, ó sì dákẹ́ lórí omi. Grade 25 ń sọ ohun tí kúùbù gbọ́dọ̀ gbé kó tó fọ́: níúútìnì 25 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan. Bí agbaṣẹ́ṣe bá po ó ní 1:2:4 láìyẹ̀, tí kúùbù wá fọ́ ní 16, ta ló jẹ̀bi? Yóò ṣí ìwé yín fún yín, yóò ní òun ṣe ohun tí ẹ kọ. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ sọ ìpòpọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tòun ti iye omi tó gbọ́dọ̀ wọlé, tàbí kí ẹ sọ agbára tẹ́ ẹ fẹ́, kí ẹ jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe lọ wá bó ṣe máa débẹ̀.

Èyí tó tún burú ni "kí a bomi rin kọ̀ǹkéré dáadáa". Dáadáa ò ní òṣùwọ̀n. Ẹnì kan á wọ́n omi lé e lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán gangan, á ní òun ti ṣe é dáadáa. Ẹ kọ ọ́ báyìí: kí a fi àpò kòkó tútù tàbí ọ̀rá bo ojú rẹ̀ bó bá ti dì, kó sì wà ní tútù tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Kí ẹ fi kún un nígbà ọyẹ́, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè la ojú dẹ́kì kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹun ọ̀sán tán. Ní ti òjò, èyí tó bá rọ̀ lọ́jọ́ kejì kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọ̀rẹ́ wa ni. Èyí tó rọ̀ nígbà tí a ṣì ń tẹ́ ẹ ni ọ̀tá.

Ẹ má sì fi àwọ̀ dá a mọ̀. Kọ̀ǹkéré tó ti funfun lójú, omi ojú rẹ̀ ló lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa inú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ yọ igi abẹ́ dẹ́kì nítorí pé "ó ti funfun". Ọjọ́ tí ẹnjiníà kọ sílẹ̀ tàbí èsì kúùbù ni a fi ń yọ igi.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá onílé pè mí. Wọ́n ti wá gbà pátápátá, àwọn gan-an ló ń lé ọmọ náà gòkè. Kànga ló gbẹ. Dẹ́kì náà tó 120 lórí òṣùwọ̀n mítà onígun mẹ́rin, a ń da lítà 5 sórí mítà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn lítà 600. Fún ọjọ́ méje, 4,200. Wọ́n ní, "Sọ̀feyọ̀, tánkà omi ti dé ẹnu ọ̀nà o. Inú owó wo ni ká ti san án?" Àwọn fúnra wọn ló ń ra ohun èlò, èmi ni mo sì kọ ìwé ohun tí wọ́n máa rà. Mo ṣí i: sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta, irin, pákó, ìṣó, wáyà tí wọ́n fi ń so irin, títí dórí owó oúnjẹ lébírà. Omi ò sí níbẹ̀.