Ikọ̀ ti wà kí ará Ítálì tó gba ilé fún un

Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń sọ pé àwọn ará Ítálì ló dá iṣẹ́ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè sílẹ̀. Èmi ò gbà. Lóòótọ́, ní 1446, Francesco Sforza, ọ̀gágun ará Ítálì kan, fi ikọ̀ rẹ̀, Nicodemo Tranchedini, jókòó sí ìlú Florence, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Ilé ni wọ́n gbà fún ikọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọ̀hún ti wà tipẹ́, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti hú ẹ̀rí rẹ̀.

Ní 1887, ní Amarna ní Íjíbítì, wàláà amọ̀ jáde nínú ilẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 300. Lẹ́tà tí àwọn ọba kọ síra wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ti lé ní 3,300 ọdún. Èdè Ákádì, èdè Bábílónì ayé àtijọ́, ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù; àní Fáráò, ọba Íjíbítì, pàápàá lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èdè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Mane, ikọ̀ Fáráò sí Mitanni, ìjọba kan ní apá àríwá Síríà, fi ní ògbufọ̀ tó ń jẹ́ Hane. Tushratta, ọba Mitanni, kọ̀wé pé òun gbé àwọn méjèèjì ga bí òrìṣà torí pé ìròyìn wọn dùn. Nígbà tó yá, Íjíbítì dá àwọn ikọ̀ Tushratta dúró. Òun náà ní Mane ò ní kúrò lọ́dọ̀ òun, àfi tí tòun bá padà dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: lé tèmi, kí n lé tìẹ. Ọba Asíríà ní tirẹ̀ ráhùn pé wọ́n ń fi àwọn ikọ̀ òun sínú oòrùn, kí oòrùn lè pa wọ́n. Wàláà kékeré kan wà tí ikọ̀ kan tó ń jẹ́ Akiya mú dání, tó ń sọ fún àwọn ọba Kénáánì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró lọ́nà.

Lójú tèmi, Mane àti Keliya, ikọ̀ Mitanni, yóò ti máa jókòó pọ̀ níbi kan lójú ọ̀nà, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí kábíyèsí kálukú máa gbọ́. Èmi ò wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ iṣẹ́ ikọ̀? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn òyìnbó fa orúkọ iṣẹ́ yìí, “diplomacy”, yọ látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìwé tí a ṣẹ́ po. Ìwé ni wọ́n wò. Àwa ní aṣojú: ojú ẹni tó rán ọ ló wà lára rẹ.

Ìyókù ò pẹ́ sọ. Richelieu, olórí àwọn mínísítà ọba Faransé, kó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sábẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Faransé ní 1626. Ìpàdé Vienna, tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe, to ipò àwọn aṣojú ní 1815. Amẹ́ríkà da iṣẹ́ kọ́ńsù, ìyẹn ìtọ́jú ọ̀rọ̀ òwò àti ti ará ìlú ẹni nílẹ̀ òkèèrè, pọ̀ mọ́ ti aṣojú ní 1924. Ní 1961, Àdéhùn Vienna ní wọn ò gbọdọ̀ mú aṣojú tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé. Abala 40 rẹ̀ tún dáàbò bo ẹni tó ń gba ilẹ̀ ẹlòmíì kọjá lọ síbi iṣẹ́. Akiya ti mú irú ààbò bẹ́ẹ̀ dání gba Kénáánì kọjá, lórí amọ̀.