Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò sì yé mi: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gbólóhùn gígùn

Kí ló dé tí gbólóhùn kan fi ń rú mi lójú nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sí mi níbẹ̀?

Bí a bá ń kàwé, ọpọlọ ní láti di ohun tó kọ́kọ́ rí mú títí ìyókù yóò fi dé, ohun tó sì lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Ní 1956, George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé nǹkan bíi méje ni. Nígbà tí Nelson Cowan, onímọ̀ bíi tirẹ̀, tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2001, ó ní bíi mẹ́rin ni. Ẹ wo èyí:

*Ajá tí ọmọ tí ìyá mi rán níṣẹ́ lé sá.*

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni. Síbẹ̀, bóyá ni ẹ kò padà sẹ́yìn kí ẹ tó mọ ẹni tó sá. Ẹ jẹ́ ká wá tò ó báyìí: *Ìyá mi rán ọmọ kan níṣẹ́, ọmọ náà lé ajá kan, ajá náà sì sá.* Ó ti di ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì rọrùn bí ẹni mumi. Gígùn nìkan kọ́ ló ń dá wa láàmú, nígbà náà. Nínú ti àkọ́kọ́, "ajá" dúró níwájú, ó ń retí "sá" lẹ́yìn pátápátá, wọ́n sì ki ìtàn ọmọ àti ti ìyá bọ àárín wọn.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u?

Ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó ni gbólóhùn. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ wo ọ̀rọ̀ tó le nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó le kì í sábà jẹ́ òpó tó gbé gbólóhùn dúró. Àpẹẹrẹ tí mo fi ara wé ìwé àdéhùn nìyí:

*Ayálégbé tí kò bá san owó ilé tí ó jẹ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àyàfi ẹni tí onílé ti kọ̀wé fún pé kí ó sún ìsanwó rẹ̀ sí oṣù mìíràn, yóò kó jáde nínú ilé náà láì tún gba ìkìlọ̀ kankan.*

Ọ̀rọ̀-ìṣe kún inú rẹ̀: san, jẹ, kọ̀wé, sún, kó jáde, gba. Èwo ló ni gbólóhùn nínú wọn? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ìka bo ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "tí", "pé", "kí", "láì" tàbí "àyàfi", títí dé ibi tí ẹ̀ka náà parí sí. Ẹ bo "tí kò bá san" títí dé "ọjọ́". Ẹ bo "àyàfi" títí dé "mìíràn". Ẹ bo "láì" títí dé "kankan". Ohun tó ṣẹ́ kù ni *Ayálégbé yóò kó jáde nínú ilé náà*. Òpó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ 28 ló wà láàárín "Ayálégbé" àti "yóò", bí ajá wa àtẹ̀yìnwá gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa dá àwọn ẹ̀ka padà, kí ẹ máa bi wọ́n léèrè. Ayálégbé wo? Èyí tí kò sanwó. Ṣé gbogbo wọn ni? Rárá, ẹni tí onílé kọ̀wé fún kò sí lára wọn. Báwo ni yóò ṣe jáde? Láì tún gba ìkìlọ̀. Ẹ má fi "àyàfi" ṣeré o. Ẹni tó bá sáré kọjá lórí rẹ̀ lè máa di ẹrù nígbà tí ìwé onílé wà lápò rẹ̀.

Kọ́mà ńkọ́?

Ó wúlò bó bá jẹ́ méjì tó há nǹkan sáàárín, bí èyí tó há "àyàfi" wa. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má gbára lé e jù. Bí èémí bá ṣe gbé àwọn kan ni wọ́n ń fi í sí.

Ojú mi kì í yé padà sẹ́yìn. Ṣé mi ò mọ̀wé kà ni?

Ẹ mọ̀ ọ́n kà. Nínú 100 ìgbà tí ojú ẹni tó mọ̀wé kà dáadáa bá fò lórí ìwé, bíi 10 sí 15 ló jẹ́ ẹ̀yìn ló fò sí. Kàn má padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ibi tó ti já mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni kí o padà sí.

Ìwé Yorùbá gan-an ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ jù, pàápàá lórí fóònù.

Àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo "owo ti o ti san". Ṣé *owó tí ó ti san* ni, àbí *owó tí o ti san*? Nínú ìkíní, ẹlòmíì ló sanwó. Nínú ìkejì, ìwọ ni. Ẹ kà á sókè ní ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ wo èyí tó bá ìyókù ọ̀rọ̀ mu.

Èkejì ni "ó" àti "òun". *Adé sọ pé òun ti ṣàṣìṣe*: Adé fúnra rẹ̀ ló ṣàṣìṣe. *Adé sọ pé ó ti ṣàṣìṣe*: ẹlòmíì ló sábà máa ń jẹ́. Bí "ó" bá ti tó mẹ́ta nínú gbólóhùn kan, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀.

Bí mo bá tú u tán, tó ṣì ní ìtumọ̀ méjì ńkọ́?

A jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ padà wo àdéhùn wa: "owó ilé tí ó jẹ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́". Ṣé inú ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó ti jẹ gbèsè náà, àbí inú ọgbọ̀n ọjọ́ ló yẹ kó san án? Kò sí ọgbọ́n ìkàwé tó lè dáhùn ìyẹn. Ẹ ní kó pín in sí gbólóhùn méjì kí ẹ tó fọwọ́ sí i.