Ṣíìsì àti sọ́séèjì láti ọjà àgbẹ̀ Faransé: kí ló kọjá ní bọ́dà Britain, kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín?

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 2025 ni ìjọba Britain ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ EU má gbé ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ wọlé mọ́, títí kan wàrà àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, ì báà jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa ní London, Manchester àti Leeds gan-an, àwọn tó máa ń kó ìdílé lọ sí ìgbèríko gúúsù Faransé nígbà ọlidé, tí wọ́n máa ń ra nǹkan lọ́jà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ padà bọ̀ wálé. Àwọn kan gbọ́ pé wọ́n ti fòfin de ọjà yẹn fúnra ẹ̀, àwọn kan gbọ́ pé Faransé ni àrùn ẹran ọ̀sìn tó fa òfin náà ti bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan tún ní òfin náà ti kúrò. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ṣé a ṣì lè lọ sí ọjà yẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lọ, ẹ rà, ẹ jẹ. Ohun tí ẹ máa gbé kọjá bọ́dà nìkan ni òfin ń bá wí.

Àrùn wo ni, ṣé Faransé ló ti wá?

"Foot and mouth" lorúkọ ẹ̀, ó máa ń mú kí egbò yọ sẹ́nu àti pátákò màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀, ó sì máa ń ràn bí iná ọyẹ́. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní oṣù Kìíní 2025, lára àwọn ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn nítòsí Berlin, bẹ́ẹ̀ láti 1988 ni wọn ò ti rí i níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta ó ti dé Hungary àti Slovakia. Wọn ò rí i ní Faransé ní gbogbo ọdún yẹn. Àrùn mìíràn tí wọ́n rí lára màlúù ní Savoie, ní Faransé, ní oṣù Kẹfà 2025, lumpy skin disease ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kan ṣíìsì ewúrẹ́ tí ìyá àgbẹ̀ kan fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ní Provence, ní gúúsù Faransé? Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Àmọ́ ẹ rò ó wò, láàárín EU kò sí bọ́dà tí wọ́n ti ń yẹ ẹran wò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ẹran tó kúrò ní Slovakia láàárọ̀ lè dé Faransé kó tó di ọjọ́ kejì, ẹni tó sì ń yẹ báàgì wò ní Luton kò lè fojú wo sọ́séèjì kó mọ màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ibi tó ti wá. Fáírọ́ọ̀sì yìí ò kú kíákíá, ó lè wà nínú ẹran àti wàrà tí iná ò mú dáadáa.

Àwọn àgbẹ̀ Britain ò sì tíì gbàgbé ọdún 2001. Oko ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Heddon-on-the-Wall, ní Northumberland, ni wọ́n gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi àjẹkù oúnjẹ tí wọn ò sè jinná bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Kó tó parí wọ́n ti pa ẹranko tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń pa gbogbo agbo wọn tán lójú wọn, àwọn mìíràn ò sì padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Àjẹkù oúnjẹ lásán ló dá gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Fún ìdí yìí, tí inú bá ń bí yín ní bọ́dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé àgbẹ̀ bíi ti ìyá oníṣíìsì yẹn ni òfin náà ń gbìyànjú láti dáàbò bò.

Ṣé ó lè ran èèyàn?

Ìjọba Britain ní kò léwu fún ìlera èèyàn.

Mo gbọ́ pé Britain àti EU ti ṣe àdéhùn, ṣé òfin náà ò tíì kúrò ni?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2025 wọ́n pàdé ní London, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé àwọn máa jọ ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn oúnjẹ, ohun ọ̀gbìn àti ẹranko. Pé èèyàn máa ṣe nǹkan àti pé ó ti ṣe é, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òfin tó de ẹran àti wàrà kò kúrò lọ́jọ́ náà. Fún ìgbà díẹ̀ ni ìjọba ní òun ṣe é, torí náà ẹ yẹ ojú ìwé gov.uk wò kí ẹ tó rìnrìn àjò, kì í ṣe WhatsApp.

Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ gbé, kí ni mo lè gbé?

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni gbogbo ṣíìsì, bọ́tà, wàrà àti yógọ́ọ̀tì, pẹ̀lú ẹran tútù, ẹran gbígbẹ àti sọ́séèjì gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní saucisson. Sáńwíìṣì tí ṣíìsì tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀ náà wà níbẹ̀, kódà kó jẹ́ éápọ́ọ̀tù ni ẹ ti rà á.

Èyí tó lè kọjá ni ẹja, adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ àti ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe, ẹyin, oyin, òróró ólífì, jáàmù, ọṣẹ, búrẹ́dì, bisikíìtì, ṣokoléètì, kéèkì tí kò ní kírímù tútù. Wáìnì náà lè kọjá, lítà 18 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan láìsan owó bọ́dà.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ti kó sí wàhálà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé ni ilé pẹ́pẹ́yẹ, ọjà wọn kún fún agolo àti ìgò oríṣiríṣi, èèyàn á sì rò pé tó bá ti jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ gbogbo ẹ̀ ló máa kọjá. Cassoulet, ìyẹn ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi ẹran sè, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ. Pâté pẹ́pẹ́yẹ náà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti po ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, tí ẹ bá ti rí "porc", ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi fi rọ́bà dì í, ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ó ní ó máa kọjá. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá. Ó ṣe é kí ó má bàa bàjẹ́ lọ́nà ni, òfin Britain kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ abúlé Faransé mọ̀ sórí. Bí wọ́n dì í, bí wọn ò dì í, ìkan náà ni.

Wàrà ọmọ mi ńkọ́?

Wàrà ìkókó díẹ̀ àti oúnjẹ tí dókítà ní kí aláìsàn máa jẹ, wọ́n fàyè gbà á.

Ṣé àgbẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀?

Rárá o, mo sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ ka èyí torí owó yín ló wà nídìí ẹ̀. Nínú ọjà ńlá bíi ti Apt lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tàbí ti L'Isle-sur-la-Sorgue lọ́jọ́ Àìkú, àgbẹ̀ àti alárobọ̀ jọ ń pàtẹ ni. Alárobọ̀ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n gbìn ládùúgbò yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ wá, ẹ wo ìsọ̀ dáadáa kí ẹ tó mówó jáde. Ìsọ̀ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó, tòmátì àti ọsàn bá kún, ẹni yẹn ò lè gbin gbogbo ẹ̀. Àgbẹ̀ sábà máa ń ní nǹkan mẹ́ta mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, tó bá ti tán ó tán nìyẹn.

Òfin Faransé tún ràn yín lọ́wọ́, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orílẹ̀-èdè tí èso tàbí ẹ̀fọ́ ti wá sára pátákó tí wọ́n kọ iye owó sí, kí lẹ́tà ẹ̀ sì tóbi tó ti iye owó. Tí ẹ bá rí "Espagne", Sípéènì ló ti wá, "Maroc" sì ni Mòrókò. Ẹ tún wá "producteur", ìyẹn ẹni tó gbìn ín tàbí tó ṣe é fúnra ẹ̀. Àsìkò náà máa ń sọ òótọ́: sitirọ́bẹ́rì Carpentras máa ń pọ̀ láti bí oṣù Kẹrin, ṣẹ́rì ẹ̀gbẹ́ òkè Ventoux ní oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, mẹ́lọ́ọ̀nù Cavaillon nígbà ooru. Ẹni tó bá ń ta mẹ́lọ́ọ̀nù fún yín ní oṣù Kẹta, ẹ wo pátákó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ ò bá fẹ́ gbogbo wàhálà wíwo pátákó yìí, àwọn ọjà kan wà tó jẹ́ ti àgbẹ̀ nìkan. Ní Velleron, lẹ́bàá Carpentras, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ná an nígbà ooru, aago mẹ́fà, àwọn àgbẹ̀ á kó ohun tí wọ́n kórè lọ́jọ́ yẹn wá. Coustellet náà ní tiẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ibi tí ẹ bá sì ti rí "Marché des Producteurs de Pays", àmì ilé ìgbìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ Faransé ni, wọn kì í gba alárobọ̀ láàyè níbẹ̀.

Ọjọ́ wo ni ọjà, aago mélòó?

Bíi ọjà ọrọọrún tiwa ni, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tiẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni tiwọn fi ń yí. Vaison-la-Romaine ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Saint-Rémy Ọjọ́rú, Carpentras ọjọ́ Ẹtì, Uzès àti Sarlat ọjọ́ Àbámẹ́ta (àti Ọjọ́rú). Òwúrọ̀ ni o, tó bá ti ń di aago kan ọ̀sán wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹ mú owó yúrò wẹ́wẹ́ dání torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba káàdì, ẹ sì mú báàgì tiyín, láti ọdún 2017 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń kó ẹ̀fọ́ sí.

Ṣé mo lè nájà?

Oúnjẹ, rárá. Iye tó wà lára pátákó ni iye ẹ̀, tí ẹ bá ní kí wọ́n gba ìdajì ó máa dà bíi pé ẹ ń sọ pé ọjà àgbẹ̀ yẹn ò tó iye tó pè é. Ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n ṣe yín dáadáa ni ìkíni, ẹ ní "bonjour" kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹni tó bá dé tó kàn ń nàka sí ọjà láìkí èèyàn, wọ́n máa fi hàn án pé kò dùn mọ́ àwọn, ọmọ Yorùbá kankan ò sì ní béèrè ìdí. Ẹ má fọwọ́ tẹ èso wò, ẹ jẹ́ kí òǹtajà mú un fún yín. Tó bá jẹ́ mẹ́lọ́ọ̀nù, ó lè bi yín bóyá ọ̀sán lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí alẹ́, ẹ dá a lóhùn dáadáa torí èyí tó pọ́n tó fún wákàtí yẹn gan-an ló fẹ́ bá yín mú. Èènì lè wá fúnra ẹ̀, ewé parsley díẹ̀ tàbí èso kan, àmọ́ ẹ má béèrè.

Ṣé mo lè se ọbẹ̀ láti London dání lọ?

Tí ẹran bá wà nínú ẹ̀, rárá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2021 ni EU náà ò ti gbà kí èrò láti Britain gbé ẹran tàbí wàrà wọlé, pọ̀nmọ́ wà lára ẹ̀. Ẹja ni kò ní wàhálà, wọ́n gbà tó kílò 20, nítorí náà ẹja gbígbẹ yín lè bá yín lọ.

Tí wọ́n bá bá a nínú báàgì mi, ṣé wọ́n máa tì mí mọ́lé?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n máa ní kí ẹ kó o sílẹ̀ ni, wọ́n á gbà á wọ́n á sì bà á jẹ́. Ti ẹni tó bá burú gan-an ni owó ìtanràn, ó sì lè tó £5,000 ní England. Tí ẹ bá rántí lójú ọ̀nà pé ọmọ yín fi ìdajì sáńwíìṣì sínú báàgì, ẹ sọ fún àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tó bi yín, ẹ má sá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, torí ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ ló ń sọ ara ẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń wá.

Mò ń ti Faransé lọ sí Belfast tààrà ńkọ́?

Òfin yìí ò kan Northern Ireland.

Ṣé kí n má ra ṣíìsì mọ́ ni?

Áà, ẹ rà á! Banon tí wọ́n fi ewé chestnut wé, Pélardon láti òkè Cévennes, Rocamadour tí ẹyọ kan ò ju bíi gíráàmù 35, oúnjẹ tí èèyàn lè jẹ tán lórí ìdúró ni. Ẹ ra ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ ra búrẹ́dì àti tòmátì, kí ìdílé yín wá ibi tí ibòji wà kí wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà ooru ní Lot, Dordogne àti Lot-et-Garonne, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, ọjà àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń ná lálẹ́, wọ́n á to tábìlì gígùn sáàárín ìlú, ẹ ra ẹran lọ́dọ̀ ẹni tó sin ín, wọ́n á bá yín yan án, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ará abúlé kí ẹ jẹun. Ẹ mú àwo àti fọ́ọ̀kì tiyín dání. Kò sí ohun tí bọ́dà máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti jẹ tiẹ̀ tán níbẹ̀.

Tó bá ṣẹ́kù lọ́jọ́ tí mo ń padà ńkọ́?

Ẹ fún ẹni tó ni ilé tí ẹ sùn sí, tàbí aládùúgbò ẹ̀, inú wọn máa dùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tàbí sínú igbó, torí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í fi oúnjẹ sílẹ̀.